Ikọ́ ife: ẹ fi ọ̀rọ̀ abọ́ sílẹ̀, ẹ lọ ṣí fèrèsé

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ẹ ní wọ́n bá ikọ́ ife nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀gbọ́n yín, pé nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ ya abọ́, kọ́ọ̀bù àti ṣíbí rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ wá ń béèrè bóyá ìyẹn á tó láti dáàbò bo àwọn ọmọ inú ilé. Kò tó rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ò tiẹ̀ kan abọ́. Ó máa ń bí mi nínú gan-an pé títí dòní, òṣìṣẹ́ ìlera ṣì ń ka abọ́ sí èèyàn lọ́rùn, kò sì ní béèrè bóyá yàrá aláìsàn ní fèrèsé, tàbí ta ló ń bá a sùn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró pátápátá ni kòkòrò ikọ́ ife gbọ́dọ̀ dé kó tó ríṣẹ́ ṣe. Tí aláìsàn bá wúkọ́, tó sín, tó kọrin, tàbí tó kàn ń sọ̀rọ̀ sókè, omi wẹ́wẹ́ máa ń fọ́n jáde lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó tóbi nínú rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó kéré gan-an á ti gbẹ kó tó balẹ̀, ohun tó sì máa ṣẹ́ kù kò ju máíkírọ́ọ̀nù 1 sí 5 lọ: ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan sí márùn-ún níbẹ̀. Nǹkan tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á máa rìn kiri nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kódà lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde. Ẹni tó bá wọlé á mí i símú. Irun imú àti ikun lè dá èyí tó tóbi dúró, àmọ́ èyí á yọ́ kọjá lára wọn, ó di ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tó bá ti bọ́ sára abọ́ ò tún ní gbéra ńlẹ̀ mọ́ kó wá wọ èèyàn nímú.

Wọ́n ti dán èyí wò. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1950, Richard Riley àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fa afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù ikọ́ ife lọ síbi tí wọ́n kó àwọn ẹran kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig sí. Àwọn ẹran yìí ò fojú kan aláìsàn, wọn ò fẹnu kan abọ́ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ wọ́n kó o. Àwọn tí wọ́n fi iná ultraviolet pa kòkòrò inú afẹ́fẹ́ wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ò kó o.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni kí afẹ́fẹ́ yàrá yẹn máa jáde, kí òmíràn máa wọlé. Fèrèsé kan ò tó. Ẹ ṣí méjì tó dojú kọra, tàbí fèrèsé kan àti ilẹ̀kùn tó já síta. Tó bá jẹ́ pálọ̀ táwọn ọmọ ti ń ṣeré ni ilẹ̀kùn yẹn já sí, ẹ tì í, torí ẹ óò kàn máa lé e lọ bá wọn ni. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílé ìwòsàn ní Lima ní Peru, tó jáde lọ́dún 2007, fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá ní nǹkan bí ìgbà 28 láàrin wákàtí kan, nígbà tí yàrá olówó ńlá tó ń lo ẹ̀rọ jẹ́ ìgbà 12.

Ẹ gé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka ọwọ́, kẹ́ ẹ dì í mú lórí lẹ́nu fèrèsé. Tí ìdí rẹ̀ bá ń fẹ́ síta, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ibẹ̀ ni kí ibùsùn aláìsàn sún mọ́. Tó bá ń fẹ́ wọlé, ibẹ̀ ni kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ máa jókòó sí. Tó bá rọ̀ wọ̀ọ̀, tí kò mira, afẹ́fẹ́ ti dúró nìyẹn, ẹ gbé fáànù wá. Ẹ̀yìn yín ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó fẹ́ gba ara yín lọ sọ́dọ̀ aláìsàn, kó sì gba fèrèsé jáde. Fáànù nínú yàrá tó tì pa kàn ń gbé kòkòrò yí ká ni, ẹ̀rọ amúlétutù náà sì rèé, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fà tó ń tú padà. Ẹ tún tíṣù yẹn dì mú lóru, torí afẹ́fẹ́ máa ń yí ojú padà. Ẹ má fowó ra oògùn tí wọ́n ń fọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìbomú: ti ilé ìwòsàn lásán ni kí aláìsàn wọ̀, kó lè gba omi ẹnu rẹ̀ kó tó gbẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wọlé tọ̀ ọ́, N95, ìyẹn ìbomú tó ń sẹ́ nǹkan wẹ́wẹ́ inú afẹ́fẹ́, tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa ni tiyín.

Ní ti àwọn ọmọ, ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Kí wọ́n tó rí àrùn yìí lára ẹ̀gbọ́n yín, gbogbo ilé ti ń mí in símú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀ ń dènà ohun tí kò tíì wọlé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àti ẹnikẹ́ni tó ní HIV nínú ilé, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò bóyá àrùn ti ń ṣe wọ́n; tí kò bá ṣe wọ́n, kí wọ́n fún wọn ní oògùn ìdènà. Tí dókítà bá ní ọmọ ò wúkọ́, kẹ́ ẹ máa lọ ilé, ẹ má gbà. Ọmọdé lè má wúkọ́ rárá. Kó kàn má sanra mọ́, kí ibà máa lọ kó máa bọ̀. Abẹ́rẹ́ BCG tó gbà nígbà tí wọ́n bí i ń gbà á lọ́wọ́ èyí tó ń wọ ọpọlọ, kò ní kó má kó o. Bí àyẹ̀wò awọ ara tàbí ti ẹ̀jẹ̀ bá sì ní kò sí nǹkan, ó lè jẹ́ pé ó yá jù ni: ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 lẹ́yìn ìgbà tó bá aláìsàn gbé yàrá kan náà kẹ́yìn.

Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí GeneXpert, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, sọ nípa rifampicin, ọ̀kan pàtàkì lára oògùn ikọ́ ife: ṣé ó ṣì ń pa kòkòrò ẹ̀gbọ́n yín? Ẹ̀rọ náà ń sọ ọ́ láàrin nǹkan bíi wákàtí méjì, ṣùgbọ́n àwọn kan ń fi ìwé rẹ̀ sínú fáìlì láìsọ fẹ́nì kankan. Tí oògùn yẹn bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, agbára àti kó ran ẹlòmíràn á ti wálẹ̀ gan-an ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì tó bá ti ń lò ó déédéé. Tí kòkòrò náà bá ti kọ oògùn, ó ń kó o ràn yín lọ ni, bó tiẹ̀ ń gbé oògùn mì lójoojúmọ́. Ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ jù ni ti oṣù 6: oògùn mẹ́rin fún oṣù 2, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù 4. Ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, kò léwu. Nǹkan bí oṣù kejì, ikọ́ á ti lọ, á sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ lẹ ti máa dúró tì í jù.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tẹ́ ẹ béèrè. Abọ́ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ mọ́ tiyín. Kó dá yàrá sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn ó kéré tán, kó sì máa jẹun pẹ̀lú yín níta gbangba. Kó máa tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí. Aṣọ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹ fọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fọ aṣọ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́ ẹ sun bẹ́ẹ̀dì.