Ajá Mi Ń Bì Látìgbà Tó Ti Ń Lo Oògùn Àìsàn Eégbọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọ̀rọ̀ ajá ọkọ mi ni mo bá wá. Bíńgò lorúkọ rẹ̀, German Shepherd ni, kílò 20 ló wọ̀n. Ara rẹ̀ gbóná, kò jẹun, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán nímú rẹ̀. Dókítà ẹranko yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní àìsàn eégbọn tí wọ́n ń pè ní Ehrlichia ni, ó sì ní ká máa fún un ní doxycycline 200 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Ẹ̀jẹ̀ imú ti dá, ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbó àlejò. Àmọ́ láti bí ọjọ́ mẹ́rin báyìí, bí mo bá ti fún un ní kápúsù méjèèjì ní ìdájí kí n tó lọ sọ́jà, kì í pẹ́ tó fi máa ń bi omi yẹ́lò. Aládùúgbò wa ní oògùn náà fẹ́ pa á, pé kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu, kí n sì dá oògùn dúró. Kí ni kí n ṣe? Ìyá ọlọ́jà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Bíńgò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín, ẹ má sì rọ epo sí i lẹ́nu. Ajá tó ń bì lè fa epo sínú ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà ibẹ̀ sì le ju èébì lọ.

Ẹ wo bí ẹ ṣe kọ ọ́: ẹ̀jẹ̀ dá, ajá ń gbó, lẹ́yìn náà ni èébì bẹ̀rẹ̀, kì í sì í wáyé àfi bó bá gbé kápúsù mì. Lójú tèmi, òfìfo inú ni oògùn ń bá ní ìdájí. Doxycycline máa ń da inú rú. Ó lè mú kí ajá bì, kí oúnjẹ sú u, tàbí kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fún un. Bó bá ti jẹ é dé ìdajì, ẹ fún un lóògùn, kó wá jẹ èyí tó kù lé e.

Ẹ má fi mílíìkì fún un o, nítorí kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ máa ń so mọ́ oògùn náà, kò ní jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù, èyí táwọn èèyàn máa ń sáré rà bí èrìgì ajá bá ti funfun. Bí dókítà yín bá fọwọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, wà láàárín òun àti doxycycline. Ẹ má sì fi mọ́ínmọ́ín bo kápúsù. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ẹ̀jẹ̀ Bíńgò kò sì pọ̀ débi tí a ó tún fi máa bà á jẹ́. Ìrẹsì funfun àti ẹja bíbọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ dára, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà.

Bí ẹ ṣe ń fún un ló ká mi lára jù. Kápúsù tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ ni yóò ti yọ́, yóò sì dá egbò síbẹ̀. Egbò náà lè jinná tán kí ọ̀nà ọ̀fun fún pọ̀, kí oúnjẹ má lè kọjá mọ́. Ẹ gbé kápúsù náà sẹ́yìn ahọ́n rẹ̀, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ ra ọ̀fun rẹ̀ wálẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i tó lá imú, ó ti gbé e mì nìyẹn. Ẹ wá fi sírínjì tí kò lábẹ́rẹ́ rọ omi díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ìwọ̀n tí wọ́n fún un tọ́. Miligíráàmù 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni, ìyẹn ló sì di 200. Àmọ́ a lè pín in: kápúsù kan láàárọ̀, ìkejì lẹ́yìn wákàtí 12. Ẹ pe dókítà yín lónìí kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́. Bí èébì kò bá dá síbẹ̀, ó lè fi oògùn tó ń dá èébì dúró kún un. Bó bá bi oògùn jáde, ẹ má fún un ní òmíràn láìbéèrè.

Ọjọ́ 28 kì í ṣe àsọdùn. Inú sẹ́ẹ̀lì funfun ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò Ehrlichia yìí ń gbé. Ó lè fara pamọ́ fún oṣù, kódà fún ọdún, kó tó wá kọlu mùdùnmúdùn egungun níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Kì í rọrùn láti rí ajá tó bá débẹ̀ gbà padà. German Shepherd ló sì máa ń hàn léèmọ̀ jù. Nígbà ogun Vietnam, àìsàn yìí pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá ológun Amẹ́ríkà, irú ajá yín yìí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la: bó bá ń bì ṣáá tí omi pàápàá kò dúró nínú rẹ̀, bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú, bó bá ń na ọrùn tó sì ń ké nígbà tó bá ń gbé nǹkan mì, bí ẹyinjú tàbí èrìgì rẹ̀ bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, nítorí oògùn yìí lè ni ẹ̀dọ̀ lára. Ilé ìwòsàn ẹranko FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí yín. Ẹ má ra ibuprofen tàbí diclofenac fún un ní kẹ́míìsì. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti dín kù lára rẹ̀, oògùn bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí inú rẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀.

Bí èrìgì rẹ̀ bá ṣì funfun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ní kí wọ́n wá Babesia, kòkòrò àìsàn mìíràn, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Eégbọn yìí kan náà ló ń gbé e kiri, doxycycline kì í sì í pa á. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ gún un, torí bó bá pọ̀jù, ọpọlọ ajá ló máa ń bá jà.

Ẹ kò sọ bí ẹ ṣe ń pa eégbọn náà. Ẹ bi àwọn ará ilé bóyá ẹnikẹ́ni ti fi òtápíàpíà pa á lára. Ó máa ń wọ awọ ara, ajá á máa bì, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, á sì máa gbọ̀n. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kíá. Ẹ wo inú etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó máa ń wú bí èso lárà. Ẹ ní kí dókítà fún yín ní oògùn eégbọn ti ajá gan-an, kẹ́ ẹ sì dí gbogbo ojú sánsán ògiri ilé rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni abo eégbọn ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí. Bí ọjọ́ 28 bá pé, ẹ tún mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.