Kí ló ń jẹ́ kí iná bíréèkì ọ̀kadà máa tàn nígbà téèyàn ò tẹ bíréèkì?
Súwíìṣì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí o. Méjì ló sábà máa ń wà, ọ̀kan nídìí bíréèkì ọwọ́, ìkejì nídìí ti ẹsẹ̀, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ kẹ́ ẹ wá máa yọ wáyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá yọ tíná fi kú, òun gan-an lọ̀daràn. Tó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀ (òun náà ló máa ń yọni lẹ́nu jù, ẹrẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn), ẹ wò ó bóyá pẹ́dà ń padà sókè dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ di súwíìṣì yẹn mú kó má yí, nọ́ọ̀tì ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ yí títí tí súwíìṣì á fi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ tí sípírìn ẹ̀ á sì dẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ méjèèjì tíná ṣì ń tàn, wáyà kan ló ti bó níbì kan yẹn.