Ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì lè ṣe adájọ́ ní Formula Student?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo wà nínú ẹgbẹ́ Formula Student, ìdíje ọkọ̀ eré ìje tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn kàn, ní yunifásítì mi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ (suspension) ni mo máa ń bá wọn ṣe. Mo ti jáde báyìí, mo sì ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àárò ìdíje yẹn ń sọ mí gan-an. Mo fẹ́ máa padà lọ ṣe adájọ́, kì í ṣe torí owó. Ṣé wọn ò ní wò mí pé ọmọdé ni mí? Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ni wọ́n sì máa ń retí lọ́wọ́ adájọ́ gan-an? (Òǹkàwé kan, Coventry)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọjọ́ orí rẹ ò ní dí ọ lọ́wọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wúlò fún ìdíje náà ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ. Kìkì pé ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fẹ́ sáré lọ sídìí design, níbi tí wọ́n ti ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí wọ́n ṣe ya ọkọ̀ wọn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni iyì pọ̀ sí. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó o kọ́kọ́ lọ sídìí àyẹ̀wò ọkọ̀, kó o sì jẹ́ kí design dúró ná.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìdíje náà: Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Formula SAE ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1998, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tí wọ́n ń pè ní IMechE ló ń bójú tó o, Silverstone ni wọ́n sì ń ṣe é sí nínú oṣù Keje. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ya àwòrán ọkọ̀ eré ìje oníjòkòó kan, wọ́n á fọwọ́ ara wọn kàn án, wọ́n á sì wà á. Máàkì 1,000 ló wà nílẹ̀. Design gba 150, ìṣirò iye owó tí ọkọ̀ náà ná wọn gba 100, àlàyé bí wọ́n ṣe máa fi ṣòwò gba 75. Ìyẹn ni 325 tí àwọn adájọ́ máa ń pín nígbà tí ọkọ̀ dúró gbagidi. Ìyókù wà lórí pápá, eré gígùn bíi kìlómítà 22 ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kò bá yege àyẹ̀wò ò ní fi táyà kan pápá rárá, bó ti wù kó dára tó.

Ibi àyẹ̀wò yìí ni mo ń sọ. Ìwé òfin ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wàá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wàá tan tọ́ọ̀ṣì sí bọ́ọ̀tì tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ṣáásí, ìyẹn egungun ọkọ̀. Òfin ní, ó kéré tán, tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó yí bọ́ọ̀tì ká) méjì gbọ́dọ̀ yọ síta lẹ́yìn nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kò lè tú fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló yọ, wọ́n á lọ pààrọ̀ bọ́ọ̀tì yẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Awakọ̀ á jókòó tòun ti akoto, ìbọ̀wọ́ àti bẹ́líìtì tó dè é pinpin, wọ́n á wá ní kó jáde: ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ló ní. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí tábìlì kan tó máa ń dagun, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé dígírì 60. Epo kankan ò gbọdọ̀ kán, táyà tó wà lókè ò sì gbọdọ̀ gbéra. Lẹ́yìn náà wọ́n á sá a díẹ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dì pa.

Ìwọ tó o jáde láìpẹ́ yìí, o mọ gbogbo èyí ju ọ̀pọ̀ àgbà ẹnjiníà lọ. Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn ti ṣí ìwé òfin náà kẹ́yìn. Tìẹ ṣì wà lọ́kàn rẹ. O mọ bọ́ọ̀tì tó máa ń ṣòro láti dé ìdí ẹ̀, o mọ ibi tí wọ́n máa ń fi wáyà gbà láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò nígbà tí àkókò bá ti lọ. Kìkì pé kó o rí i dájú pé òfin ọdún yìí lo kà. Wọ́n máa ń yí àwọn ìlà kan padà lọ́dọọdún, akẹ́kọ̀ọ́ tó sì mọ òfin ju adájọ́ lọ ò ní gbọ́ tìrẹ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọ̀nà tó o máa gbà sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò sì lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn ọmọ yẹn ò tíì sùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé. Tí o bá rí àléébù kan, sọ nọ́ńbà òfin náà fún wọn, fọwọ́ tọ́ka sí ibi tó wà lára ọkọ̀, kó o sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà máa yẹ ìyókù wò títí dé òpin, kó o lè sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn pa pọ̀. Adájọ́ tó bá rí àléébù kan tó dá wọn padà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n tún wá tò lẹ́ẹ̀kejì kó tó rí òmíràn, ti gba ọ̀sán gbáko lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ìlà àyẹ̀wò gùn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí irú rẹ̀ mú kí wọ́n pàdánù odidi ọjọ́ kan lórí pápá. Ó dùn mí, torí ọkọ̀ wọn dára.

Kí ló dé tí mo fi ní kí design dúró? Torí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Adájọ́ design á ti ka ìwé àlàyé ẹgbẹ́ náà kó tó dé Silverstone. Wọ́n á pín ọkọ̀ náà láàárín ara wọn: ẹni kan á mú ẹ́ńjìnì tàbí bátìrì, ẹni kan ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹni kan ṣáásí, ẹni kan bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ara ọkọ̀ kọjá. Àkókò tí wọ́n ní pẹ̀lú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ò pọ̀ rárá. Láàárín ìyẹn, ohun kan ni wọ́n ń wá: ṣé àwọn ọmọ yìí mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe? Ọkọ̀ tí wọ́n fi carbon fibre olówó gọbọi ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó lágbára tó, kò yẹ kó borí ọkọ̀ onírin tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ jáde.

Wò ó báyìí. O bi ọmọ kan pé, "Báwo lẹ ṣe mú sípíríǹgì yìí?" Ó ní, "Òun ni wọ́n lò lọ́dún tó kọjá." Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á yára kọ òdo sílẹ̀, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀. Adájọ́ tó ti gbó nídìí ẹ̀ á bi í pé, "Nígbà tẹ́ ẹ wá gbé e sórí pápá, kí lawakọ̀ yín sọ? Kí lẹ wọ̀n?" Ibẹ̀ ni ọmọ náà lè ti ṣí fóònù rẹ̀, kó fi àwòrán bí ooru táyà ṣe rí hàn ọ́, kó sì ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi pààrọ̀ sípíríǹgì ọ̀hún. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni kò kàn án níbi tó mọ̀. Bí ẹlòmíràn bá ń gbọ̀n tí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu ẹ̀, sọ fún un pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn ọ́ lára ọkọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọwọ́ bá ti kan irin báyìí, ẹnu á là.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í wá láti inú ìwé òfin. Ẹnu iṣẹ́ ló ti ń wá, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti yan nǹkan, tó bà jẹ́ tàbí tó ṣiṣẹ́, tí ọ̀gá sì bi ọ́ léèrè ìdí. Ẹni tí ò tíì ní ìrírí yẹn, ọkọ̀ tí òun bá wọn ṣe ni yóò máa fi wọn tẹlòmíràn: "Àwa ò ṣe é báyìí." Bó o bá tiẹ̀ wà nídìí àyẹ̀wò, má sọ gbólóhùn yẹn sí wọn létí.

Ìdájọ́ iye owó ni mo máa fi ṣe ìpele kejì fún ọ, torí ilé iṣẹ́ ẹ̀yà ọkọ̀ lo wà. Lẹ́yìn ọdún kan níbẹ̀, wàá ti mọ ohun tí wọ́n ń ná láti gé irin, láti jó o pọ̀, láti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ iye tí kò ṣeé ṣe sílẹ̀, wàá mọ̀.

Nípa ilé ẹ̀kọ́ rẹ àtijọ́, mo bẹ̀ ọ́, kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kó o sì tún fẹnu sọ ọ́ fún olórí yín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí ọkọ̀ wọn bá dé iwájú rẹ, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n á kí ọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ọ, ẹlòmíràn á tiẹ̀ retí pé ọmọ ilé wa á bá wa ṣojú àánú. Kí wọn, kó o sì yẹra. Ohun tó o bá sì rí lára ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn, má gbé e lọ bá wọn, ì báà jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ yọ̀ǹda ara wọn wà lórí ìkànnì Formula Student. Má dúró dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Sọ ohun tó o ṣe gan-an, má kàn kọ pé o fẹ́ràn ọkọ̀: "Mo ya apá ẹsẹ̀ iwájú, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ ọkọ̀ wa wò" yóò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa fi ọ́ sí. Béèrè nípa owó ọkọ̀ àti ibi tí wàá sùn kó o tó gbà. Bi ilé iṣẹ́ rẹ bóyá wọ́n ń fúnni láyè fún irú iṣẹ́ yìí láìyọ ọ́ kúrò nínú ọjọ́ ìsinmi rẹ. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ físà Graduate, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo wà lórí ẹ̀, ó fàyè gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Kọ gbogbo ohun tó o ṣe sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, torí wàá lè lò ó fún CPD rẹ, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó o ṣe ń kọ́ iṣẹ́ sí i, nígbà tó o bá fẹ́ di Chartered Engineer, ẹnjiníà tí ẹgbẹ́ wọn ti fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí nílé, nǹkan wà fún yín náà. Àwọn ọmọ Yunifásítì Èkó ti gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ sí Shell Eco-marathon, níbi tí wọ́n ti ń wo ọkọ̀ tó máa fi epo díẹ̀ rìn jìnnà jù. Ẹgbẹ́ JETS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì, wà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, ìdíje róbọ́ọ̀tì FIRST LEGO League náà wà fún àwọn ọmọdé. Ní ti àwọn ọmọdé, ẹni tó jáde lánàá lè jókòó ṣe adájọ́ lónìí, bó bá lè fi sùúrù gbọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá títí tó fi máa parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ìwé ìlànà máàkì ti wà lọ́wọ́ yín kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Tó o bá ti lo bí ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ti mọ̀ ọ́ sí ẹni tó ń tètè dé nídìí àyẹ̀wò, sọ fún àwọn tó ń ṣètò pé o fẹ́ tẹ̀ lé adájọ́ design kan káàkiri fún ọjọ́ kan, láìsọ̀rọ̀, kó o kàn máa kọ ìbéèrè tó ń béèrè sílẹ̀.