Ṣé kí n ra Civil 3D fún iṣẹ́ gọ́tà? Ìbéèrè láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹnjiníà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. AutoCAD ni mo fi ń ya gọ́tà, Excel ni mo fi ń ṣírò omi rẹ̀. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbé ojú títì sókè tàbí tí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, gbogbo iṣẹ́ á tún dàrú. Èyí tó kọjá, ìsàlẹ̀ kọ́fátì (ojú omi tó gba abẹ́ títì kọjá) ga ju ìsàlẹ̀ gọ́tà tó ń wọ̀ ọ́ lọ, orí ilẹ̀ la ti rí i. Wọ́n ní kí n ra Civil 3D, sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń ya títì àti gọ́tà pọ̀. Ṣé owó yẹn tó ná, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ohun tó fa wàhálà yín ni pé lẹ́fẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n gíga) kan náà ń gbé ilé mẹ́ta: ó wà nínú ìwé sọ́fíyọ̀, ó wà nínú AutoCAD, ó tún wà nínú Excel. Bí ẹ bá yí ọ̀kan padà, àwọn yòókù ò gbọ́. Civil 3D àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó wọn sójú kan ni. Ilẹ̀ tí sọ́fíyọ̀ wọ̀n, ìlà títì, ìsàlẹ̀ gọ́tà àti ti kọ́fátì, gbogbo wọn so kọ́ra. Ẹ rẹ títì sílẹ̀ ní 30 sẹ̀ntímítà níbì kan, àwòrán ìdagẹ̀rẹ̀ á tún ara rẹ̀ yà, ẹ ó sì rí i lójú ẹsẹ̀ bí kọ́fátì bá ti ga ju gọ́tà lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ ó máa san léraléra ni, ẹni tí kò ní ju títì kan méjì lọ lọ́dún á kàn máa ṣiṣẹ́ sin sọ́fíwíà ni.

Bí mo bá jẹ́ yín, SWMM, sọ́fíwíà tó ń ṣírò omi òjò àti bó ṣe ń ṣàn nínú gọ́tà, ni mà á kọ́kọ́ kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Amẹ́ríkà ló ni ín, láti 1971 ló sì ti wà. Kò ní ya títì fún yín, AutoCAD á ṣì máa ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀, gọ́tà, kọ́fátì àti ẹnu ibi tí omi ti ń jáde á wà nínú fáìlì kan, ẹ ó sì máa wo bí omi ṣe ń gùn tó ń fà bí òjò ṣe ń rọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ẹ yí CFS (ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá) tó máa ń bá a wá sí LPS (lítà ní ìṣẹ́jú àáyá), kó lè máa fi lítà bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á máa fi ẹsẹ̀ bàtà wọn Èkìtì.

Ní Ìkẹ́rẹ́ tiyín, àpáta ni ẹ kọ́kọ́ máa rò. Òjò tó bá rọ̀ sórí Olósùnta tàbí Òròólẹ̀, kò sí ilẹ̀ tó máa mu ún, kíá ló ń dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fa ààlà omi síbi tí púlọ́ọ̀tì oníbàárà parí sí. Omi ò mọ púlọ́ọ̀tì. Ẹ tẹ̀lé e gòkè, kí ẹ sì ya àpáta sọ́tọ̀ kúrò lára oko nínú SWMM, torí omi àpáta á ti dé gọ́tà kí ti oko tó gbéra. Àwòrán gíga ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ti SRTM, tí wọ́n fi rédà wọ̀n láti ojú ọ̀run, á ràn yín lọ́wọ́ lórí òkè, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mítà 30 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Kò lè rí fẹ́ǹsì tí ẹnìkan mọ dí ojú àgbàrá. Ẹsẹ̀ yín ló máa rí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan. Ilẹ̀ hẹ́kítà 6, òjò 120 mìlímítà ní wákàtí, 0.6 nínú rẹ̀ ló ń ṣàn: 0.6 × 120 × 6 ÷ 360 (360 ló ń yí hẹ́kítà àti mìlímítà padà), ó jẹ́ kúbíìkì mítà 1.2. Lítà 1,200 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú gọ́tà kọnkéré tó fẹ̀ ní mítà 1, tí Manning rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí ara gọ́tà ṣe rí gbágungbàgun tó) jẹ́ 0.015, bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀ ní 1%, omi náà ò ní jìn tó 50 sẹ̀ntímítà. Bó bá jẹ́ 0.3%, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 75. Bó bá wá jẹ́ 5%, tí kì í ṣe nǹkan tuntun lápá Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, bíi 26 péré ni. Ibẹ̀ ni kọngílá á ti ní kí ẹ dín gọ́tà kù. Ẹ má dá a lóhùn. Omi yẹn ń sáré ju mítà 4.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òkúta ló ń gbé dání, á sì máa jẹ ìsàlẹ̀ gọ́tà. Bó bá dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, á dẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á fò sókè, á da gbogbo yanrìn rẹ̀ sílẹ̀, ilé tó wà níbẹ̀ ló sì máa gbà á. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka èsì, ẹ wo ìyára pẹ̀lú. Ẹ fi àtẹ̀gùn gé ìdagẹ̀rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí gọ́tà ìsàlẹ̀ fẹ̀ sí i. SWMM á sọ ìyára fún yín. Ti yanrìn tó máa dí i, ẹ̀yin lẹ máa rò ó.

Wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Odò tó bá kún ò gbọ́ òwe yẹn. Gọ́tà tó ń já sí Ajílosùn tàbí Uréjè l'Ádó, bí odò bá ti bo ẹnu rẹ̀, omi inú rẹ̀ á padà sẹ́yìn. Excel tó ń ṣírò gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ò lè rí èyí láéláé, SWMM pàápàá ò ní rí i àfi tí ẹ bá yan Dynamic Wave (ọ̀nà ìṣírò tó gbà kí omi padà sẹ́yìn), tí ẹ sì fi FIXED (ibi tí omi ìta ga dé, tí ẹ̀yin fúnra yín kọ) rọ́pò FREE (omi ń já láìsí ìdènà) ní ẹnu àbájáde, kí ẹ wá kọ ibi tí odò ga dé síbẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń gbé etí odò. Wọ́n á nawọ́ sára ògiri fún yín, kí sọ́fíyọ̀ sì wọn ibi tí ọwọ́ wọn tọ́ka sí.

Ẹ má ju Excel nù. Ẹ mú gọ́tà kan tó gùn gbọọrọ, tí odò ò dé, kí ẹ fi ṣàyẹ̀wò: bí ìdáhùn rẹ̀ àti ti SWMM bá jìnnà síra, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì tàbí ìwọ̀n kan sódì. Civil 3D lè dúró di ìgbà tí ẹ bá gba iṣẹ́ títì tó gùn, tí oníbàárà á máa yí ìlà rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí ẹ fi owó rẹ̀ sínú iye iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀.