Bí ẹ ṣe lè ya fọ́tò danfo kékeré kí ojú kọ̀ǹdọ́ inú rẹ̀ hàn kedere

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o. Mo ka ìbéèrè yín pé páálí àti pákó lẹ fi ń ṣe danfo kéékèèké, tí ẹ ń kùn wọ́n ní ìyeyè pẹ̀lú ìlà dúdú méjì, tí ẹ sì ń mọ awakọ̀ àti kọ̀ǹdọ́ tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ sínú wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti fi fóònù yà wọ́n, imú ọkọ̀ a hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ a ṣe bàìbàì, ojú kọ̀ǹdọ́ a sì ṣú. Ẹ ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe sí i, àti bóyá kí ẹ ra kámẹ́rà ńlá. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí náà ni mò ń ṣe, molue ni tèmi, ohun tí ojú mi sì rí lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò kì í ṣe kékeré. Ìmọ́lẹ̀ àti ìjìnnà ló ń ba fọ́tò ohun kékeré jẹ́, kì í ṣe àìlówó ra kámẹ́rà.

Ọ́fíìsì kan tó ń ṣètò àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ ní kí a kọ́kọ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n lè yan àwọn tí yóò pàtẹ, mo sì gbé molue mi lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán kan tí gbogbo àdúgbò ń pè síbi ìgbéyàwó. Lẹ́ǹsì tó fi ń ya ìyàwó náà ló fi ya ọkọ̀ mi. Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì náà gbagada sí f/1.8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ihò lẹ́ǹsì ṣe ń tóbi tó), ó sún mọ́ ọkọ̀ títí ó fi kún inú férémù, ó sì tan fìlàṣì orí kámẹ́rà sí i lójú tààrà. Nígbà tí fọ́tò jáde, iná iwájú apá òsì nìkan ló hàn dáadáa. Àkọlé tí mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ti wọnú ara wọn, ojú àwọn èrò tó jókòó lẹ́yìn ti parẹ́, fáníìṣì ara ọkọ̀ sì ti tàn funfun gbòò débi pé ẹnikẹ́ni kò lè rí àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo béèrè ohun tó fà á. Ó ní iṣẹ́ mi ló kéré jù, ó sì gba owó rẹ̀ pé.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, nítorí pé kì í ṣe òótọ́. Bí kámẹ́rà bá ṣe sún mọ́ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó máa hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn ṣe ń tín-ín-rín sí i. Bí ọkọ̀ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 bá kún férémù kámẹ́rà irú èyí tí àwọn onísítúdíò kéékèèké sábà máa ń lò, tí lẹ́ǹsì sì wà ní f/1.8, ibi tó hàn kedere náà kò ní tó mìlímítà 2. Bí wọ́n bá ti ojú lẹ́ǹsì náà dé f/8, yóò di nǹkan bíi mìlímítà 7. Bí wọ́n bá wá fà sẹ́yìn kí ọkọ̀ má gbà ju ìdajì férémù lọ, ní f/8 kan náà, yóò tó nǹkan bíi mìlímítà 25, a ó sì gé etí fọ́tò náà kúrò nígbà tí a bá délé. Ohun tí ọ̀gá náà kò ṣe kò ju pé kí ó ti ojú lẹ́ǹsì díẹ̀, kí ó sì rìn sẹ́yìn lọ. Àwọn kan yóò tún sọ pé kí ẹ ti ojú lẹ́ǹsì dé f/22. Ẹ má gbà fún wọn, nítorí pé nígbà tí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa fọ́n ká, gbogbo fọ́tò a sì ṣe bàìbàì láti etí dé etí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò sàn ju ayàwòrán lọ. Wọ́n dá fọ́tò mi padà, wọ́n ní kò tó 300 dpi, ìyẹn àmì 300 lórí íǹṣì bébà kan. Mo bi ẹni tó jókòó sídìí tábìlì pé pixel mélòó ni wọ́n ń fẹ́, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò, kò mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tún ń fi èyí dà láàmú, ẹ gbọ́: ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé ni 300 dpi, kò sọ ohunkóhun nípa bí fọ́tò ṣe mọ́ tó. Fọ́tò tó fẹ̀ ní pixel 3000, bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní 300, yóò fẹ̀ ní íǹṣì 10 lórí bébà. Bí wọ́n bá kọ 72 sára fáìlì kan náà, pixel kan ṣoṣo kò ní dín nínú rẹ̀. Ẹ béèrè iye pixel lọ́wọ́ wọn àti bí ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ṣe máa tóbi tó, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì náà sílẹ̀ fún yín.

Ní ti fóònù yín, ó tó. Ojú kámẹ́rà fóònù kéré gan-an, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí ibi tó hàn kedere nínú fọ́tò rẹ̀ jìn ju ti kámẹ́rà ńlá lọ bí ẹ bá ya nǹkan kan náà kí ó tóbi bákan náà. Ẹ̀ ń gbé e sún mọ́ ọkọ̀ ju bí lẹ́ǹsì rẹ̀ ti lè rí lọ ni. Ẹ fà á sẹ́yìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ lo 2x (lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan sún mọ́ni ní ìlọ́po méjì) bí fóònù náà bá ní in, kí ẹ sì fi ìka tẹ ojú kọ̀ǹdọ́ mọ́lẹ̀ lórí fóònù títí yóò fi fi hàn yín pé òun ti dì í mú. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ní lẹ́ǹsì kékeré kan fún ohun tó sún mọ́ gan-an, tí wọ́n ń pè ní macro, tí kò ju megapixel 2 (pixel mílíọ̀nù méjì) lọ. Ẹ pa á tì. Lẹ́ǹsì ńlá tí ẹ fà sẹ́yìn, tí ẹ sì gé etí fọ́tò rẹ̀, yóò sàn jù ú lọ dáadáa. Ti iPhone 13 Pro tó jáde ní 2021 lè rí ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, òjìji fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ nu lẹ́ǹsì, ẹ gbé fóònù ti nǹkan tí kò mì, ẹ lo aago rẹ̀ kí ó fúnra rẹ̀ yà á.

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi gbogbo ọkàn sí. Fìlàṣì kò dára fún ohun tí a fi fáníìṣì dán, nítorí pé ojú kan kékeré ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde, á sì tàn bọ̀ bí ojú kan kékeré tó funfun gbòò. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá gbọ́dọ̀ tóbi ju ọkọ̀ náà lọ púpọ̀, kí ó sì sún mọ́ ọn. Fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà, tí ẹ fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò, ti tó. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ sì nà bébà funfun kan sí òdì kejì kí ó dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji. Ọjọ́ tí òjò ṣú tí kò rọ̀ dára púpọ̀ fún un. Ẹ pa gílóòbù yàrá, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àti ti gílóòbù bá pàdé lára ọkọ̀, apá kan yóò pọ́n, apá kejì yóò ní àwọ̀ aró, kò sì sí bí ẹ ṣe máa tún un ṣe tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò ní bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ nìkan ni ẹ ráyè, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí iná 50 Hz tí à ń lò ní Nàìjíríà, òun ló ń fa ìlà dúdú tó ń dábùú fọ́tò. Bí fóònù yín bá gbà kí ẹ fúnra yín yan ìwọ̀n àkókò tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú, ẹ fi í sí 1/50 tàbí 1/100 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ tún wo ògiri. Yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, gbogbo ìyeyè molue mi sì ń jáde bí ọsàn àìpọ́n, títí mo fi fi páálí funfun yí i ká. Aṣọ tí ẹ wọ̀ náà máa ń hàn nínú fáníìṣì, pàápàá lójú gíláàsì ọkọ̀. Ẹ wọ dúdú tàbí eérú. Bí ó bá ṣeé ṣe, fáníìṣì tí kì í dán ni kí ẹ fi parí àwọn tí ẹ fẹ́ yà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń kun ọkọ̀, ẹ má tan àbẹ́là nídìí tínà. Mo mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jóná bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí aṣọ funfun tí ẹ tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ wà lára ohun tó mú kí ojú kọ̀ǹdọ́ ṣú. Fóònù a máa rò pé funfun yẹn ti pọ̀ jù, a sì rẹ gbogbo ìmọ́lẹ̀ fọ́tò sílẹ̀. Páálí aláwọ̀ eérú ni kí ẹ lò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gòkè lẹ́yìn ọkọ̀ kí ibi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé má hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìyeyè ara ọkọ̀. Bí ó bá tàn jù tí ipa búrọ́ọ̀ṣì kò hàn nínú rẹ̀ mọ́, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí itọ́.

Ṣùgbọ́n ti kọ̀ǹdọ́ gan-an lẹ béèrè. Inú danfo ṣókùnkùn, òrùlé rẹ̀ ti dí ìmọ́lẹ̀ mọ́, kámẹ́rà olówó gọbọi kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ má tíì lẹ òrùlé mọ́ ọkọ̀ títí ẹ ó fi ya fọ́tò tán. Ẹ gbé e lé e lásán, kí ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sínú rẹ̀ láti òkè. Bí ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ́ bébà funfun kékeré sórí ilẹ̀ inú ọkọ̀ níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i, ẹ sì dojú ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, níbi tí kọ̀ǹdọ́ rọ̀ mọ́, kọ fèrèsé. Kí lẹ́ǹsì wà ní ìwọ̀n gíga ojú kọ̀ǹdọ́, kì í ṣe lókè orí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí imú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ hàn pọ̀, ẹ yà á lẹ́ẹ̀melòó kan láìmi fóònù, kí ẹ tẹ ibi tó yàtọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pa wọ́n pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà Helicon Focus àti Zerene Stacker ń ṣe é, owó ni wọ́n ń gbà. Enfuse tó bá ètò Hugin wá kò gba kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wo tuntun tí ẹ bá yà, ẹ má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp, yóò fún un pọ̀, yóò sì ba àkọlé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ jẹ́. Ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kí ẹ sì kọ ibi tí fèrèsé wà àti bí fóònù ṣe jìnnà sí ọkọ̀ tó.