Ìbéèrè Yín: Ajá Wa Máa Ń Gbó Gan-an, Ṣé Ká Kọ́ Ọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Mú Olè?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìkòròdú la ń gbé, lọ́dún tó kọjá làwọn olè fo fẹ́ǹsì wọ ilé méjì ládùúgbò wa, látìgbà yẹn bàbá àwọn ọmọ mi ò sùn dáadáa mọ́. A ní ajá kan, Táígà lorúkọ ẹ̀, Alsatian ni, akọ, ó ti lé díẹ̀ lọ́dún méjì, àárín àwọn ọmọ ló dàgbà sí, àwọn Ìbejì àti Ìdòwú tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Táígà máa ń gbó gan-an ni, tẹ́ni tó ń ta omi bá ti kan géètì báyìí ó máa fẹ́ já ṣéènì, àmọ́ tẹ́ni náà bá wọlé tán ó máa sá lọ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, ibẹ̀ lá ti máa gbó. Lóṣù tó kọjá ó gé ọmọkùnrin tó wá ka mítà iná jẹ lẹ́sẹ̀, ìgbà tọ́mọ yẹn ti kọ ẹ̀yìn tó ń lọ ló gé e. Ọkọ mi ní ìyẹn ló fi hàn pé ó láyà, ó sì ti rẹ́ni tó máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì mọ́ olè. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí àwọn ọmọ. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ajá wa lè ṣe é?
Màmá Ìbejì, Ìkòròdú

Màmá Ìbejì, ẹ kú àìsùn o. Ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi kí n má bàa máa fa ọ̀rọ̀ gùn: ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni kọ́ Táígà ní jíjẹ èèyàn. Ohun tí ẹ kọ yẹn ti sọ púpọ̀ fún mi. Ajá tó ń pariwo nídìí géètì, tó sá sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ nígbà tí àlejò wọlé, tó wá dúró dìgbà tẹ́ni náà kọ ẹ̀yìn sí i kó tó gé e jẹ, ẹ̀rù ló ń ba ajá yẹn. Ó ń gbó kí èèyàn lè kúrò níwájú ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ bàbá ilé ni ò mọ̀yí, wọ́n á ṣáà rí eyín, wọ́n á ní ajá àwọn le.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé tí wọ́n bá mú ajá tẹ́rù ń bà, wọ́n wá ní kẹ́nì kan máa fi pàṣán halẹ̀ mọ́ ọn títí táá fi já mọ́ni, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé bóun bá ti gé èèyàn jẹ, wàhálà á kúrò lọ́rùn òun. Ṣé ẹ rí i, látọjọ́ yẹn lọ kò ní mọ olè yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ Ìdòwú tó sáré wọlé tó ń pariwo, torí ohun tó bá ti dẹ́rù bà á ló máa gé jẹ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń dẹ́rù bà á pọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n máa ní kí ẹ fún ajá ní ata tàbí ẹ̀tù ìbọn kó lè burú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ jáde nílé yín, ìnira ni wọ́n fẹ́ kó bá ẹran yẹn.

Àmọ́ kí bàbá Ìbejì lè fojú ara wọn rí i, àti nítorí ẹ̀yin tó kù tẹ́ ẹ ní ajá nílé, ẹ gbìyànjú èyí. Ẹ mú ajá lọ síbi tí ò dé rí, ẹ má ṣe é nínú ọgbà yín torí kò sí ajá tí kì í láyà nílé bàbá ẹ̀. Kẹ́nì kan tí ajá ò rí ju ọmọrí ìkòkò sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ẹ̀, kó má sún mọ́ ọn jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ di okùn mú ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sì fà á. Ó máa ta gìrì, etí á lẹ̀ mọ́rí, irun ẹ̀yìn ẹ̀ lè dìde, gbogbo ìyẹn ò burú rárá, ohun tó bá ṣe tẹ̀ lé e lèmi máa ń wò. Èyí tó láyà á yíjú padà, á na ọrùn, á rọra lọ gbóòórùn ọmọrí yẹn, kò ní pẹ́ táá ti máa jùrù. Èyí tí ìrù ẹ̀ wọ abẹ́ ikùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó ń fa okùn pé ilé lòun ń lọ, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ fún un lẹ́ran kò ní jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé jẹ́jẹ́, ẹ má tún un ṣe. Bí ara ẹ̀ ṣe tètè balẹ̀ tó ni mo fi ń ṣòṣùwọ̀n, n ò ka gbígbó sí.

Òmíràn ni àkísà. Ẹ so àkísà tó nípọn mọ́ okùn, kẹ́ ẹ máa fà á nílẹ̀ kó máa sá bí eku. Tó bá fò mọ́ ọn, ẹ wo ẹnu ẹ̀ dáadáa: ṣé ó ki gbogbo ẹnu bọ̀ ọ́ dé eyín ẹ̀yìn, tó dákẹ́ tó ń fà, àbí eyín iwájú ló ń fi já a gbà tó sì ń kùn, tó ń jù ú sílẹ̀? Èyí tó gbá a mú tó sì dákẹ́ lọkàn ẹ̀ balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ní kó fi í sílẹ̀ tí ò fi í sílẹ̀, ẹ̀kọ́ ìgbọràn ló kàn, olè ò tíì kàn.

Àwọn ará Jámánì tí wọ́n ṣẹ̀dá Alsatian yìí, tí ẹgbẹ́ wọn ti wà láti 1899, kì í fi ti ìgbọràn ṣeré. Kí ajá tó wọ IGP, ìyẹn ìdánwò ajá iṣẹ́ tiwọn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege BH, ìyẹn ìdánwò ìwà, wọ́n á mú un gba àárín èrò, mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n á wò ó bóyá ara ẹ̀ balẹ̀. Ajá tí ò tíì pé oṣù 15 ò lè jókòó fún BH, kó sì tó ṣe IGP àkọ́kọ́ ó gbọ́dọ̀ pé oṣù 18. IGP náà, ọ̀nà mẹ́ta ni, títọ ipasẹ̀, ìgbọràn àti ìdáàbòbò, máàkì 100 ló wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì òun á fi jíjẹ èèyàn kọ́ ajá yín tán, tí ò bèèrè bóyá ó mọ "jókòó", ẹ má fún un lówó.

Àwọn àgbà ní ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Táígà ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré, ó sì ń jí yín tẹ́nì kan bá dé fẹ́ǹsì, olè tó gbọ́ igbe ajá mọ̀ pé ilé ti jí. Iṣẹ́ yẹn tó o. Ẹ tan iná sẹ́yìnkùlé, ẹ tún fẹ́ǹsì ṣe, kẹ́ ẹ sì tú u kúrò lórí ṣéènì nínú ọgbà nígbà tí géètì bá tì, torí síso mọ́lẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ máa ń mú kí ajá tẹ́rù ń bà túbọ̀ le. Ẹ kọ́ ọ ní "wá", "jókòó" àti "dákẹ́". Tí àlejò bá ń bọ̀, ẹ tì í mọ́ yàrá kan ná. Ìdòwú ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ẹ̀, pàápàá tó bá ń jẹun.

Ọmọkùnrin oní mítà yẹn ńkọ́? Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ṣé ẹnikẹ́ni mú un lọ sọ́sípítù? Tí wọn ò bá tíì mú un lọ, ẹ wá a lónìí kan náà, ẹ má sọ pé ó ti pẹ́, ẹ ní kí dókítà fún un labẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí àìsàn yẹn tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń já sí. Tí ajá bá géèyàn jẹ, kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Káàdì abẹ́rẹ́ Táígà náà, ẹ wò ó, ọdọọdún ló yẹ kó máa gbà á.

Ẹ̀gbọ́n, mo ra ọmọ ajá Boerboel, ìyẹn ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, oṣù mẹ́ta ni. Wọ́n ní kí n tì í mọ́ kéèjì kó má mọ èèyàn kankan kó lè burú. Ṣóòótọ́ ni?
Àbúrò yín, Abẹ́òkúta

Àbúrò, má dán an wò. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 lọmọ ajá fi ń kọ́ ohun tó yẹ kó bẹ̀rù àtohun tí ò yẹ, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún ẹ nínú ẹ̀. Bi dókítà ẹranko ibi tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ dé, kó o wá máa gbé e jáde, kó rí ọ̀kadà, kó rí ọmọ ilé ìwé, kó rí bàbá tó fọ̀pá rìn, kó tẹ ilẹ̀ tó ń yọ̀ àti páànù. Má jẹ́ kó máa fò látorí nǹkan gíga, oríkèé ìbàdí Boerboel tètè máa ń níṣòro. Ọ̀rọ̀ mímú olè, fi í sílẹ̀ dìgbà tó bá pé ọdún méjì, kó o wá tún kọ̀wé sí mi.