Ẹ̀rù àlùmọ́gàjí lára aṣọ híhun: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kádígàn Fair Isle kan, oníbátànì aláwọ̀ púpọ̀, ni mò ń hun. Yípo ni wọ́n ní kí n hun ún, kí n wá fi àlùmọ́gàjí la iwájú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Steek ni wọ́n ń pè é. Ara rẹ̀ ti parí láti ìgbà òtútù tó kọjá, inú dúrọ́ọ̀ ló wà, àyà mi ò gbà á. Ṣé kò ní tú dànù lójú mi? (Peckham, London)

ÌDÁHÙN: Kò ní tú, bí òwú yín bá jẹ́ irun àgùntàn gidi. Ojú ìhun tó bọ́ lórí abẹ́rẹ́, tó wá ń já wálẹ̀ bí àkàbà, ló ń bà yín lẹ́rù. Òótọ́ ni, aṣọ híhun a máa tú lóòró. Ṣùgbọ́n ìbú ni òwú ń gbà kọjá, láti ojú kan bọ́ sí èkejì. Bí ẹ bá là á lóòró, wẹ́wẹ́ ni òwú náà já sí, ẹnu kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wọ́ gba inú àwọn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó tó lè jáde. Irun tó ti di ara rẹ̀ mú kò ní gbà fún un. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ará erékùṣù Shetland ní Scotland máa gé e láìfòyà nìyẹn: irun àgùntàn wọn a máa so mọ́ra.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí kádígàn náà. Ẹ fi òwú tó ṣẹ́kù hun ègé kan, ojú 25, ìlà 30. Ojú 5 tó wà láàárín, tí ẹ ó là, ni steek. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ tẹ́ ẹ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó ka ojú márùn-ún náà láti òsì, 1 dé 5. Ojú kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, bí lẹ́tà V. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ 3.25 mm hun ún, ẹ mú abẹ́rẹ́ króṣẹ́ẹ̀ 2.75 mm àti òwú irun àgùntàn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mìíràn. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ fi króṣẹ́ẹ̀ so apá ọ̀tún ojú 2 mọ́ apá òsì ojú 3. Ẹ tún so apá ọ̀tún ojú 3 mọ́ apá òsì ojú 4. Ìlà króṣẹ́ẹ̀ méjèèjì yóò fà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ẹ ó sì rí òwú kéékèèké tó dùbúlẹ̀ láàárín wọn. Àwọn nìkan lẹ ó gé, méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Àlùmọ́gàjí kékeré tó mú ni kí ẹ lò. Nígbà tó bá kan kádígàn, ẹ ti páálí sínú rẹ̀ kí ẹ má baà gé ẹ̀yìn mọ́ iwájú.

Bí króṣẹ́ẹ̀ bá le jù, etí aṣọ yóò súnkì. Bí àlùmọ́gàjí bá ṣèèṣì jẹ króṣẹ́ẹ̀, ẹ dúró, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ rán ibẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Króṣẹ́ẹ̀ kò ṣeé lò níbi ọrùn tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. Òòró gbọọrọ nìkan ló wà fún.

Lẹ́yìn gígé, ẹ ṣa ojú ìhun fún etí ibi bọ́tìnnì láàárín ara aṣọ àti steek, ojú 3 fún ìlà 4, kí etí náà má baà gùn ju aṣọ lọ.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá wọ ilé ìtajà òwú, gbogbo rẹ̀ ló ń dára lójú mi, láìrà nǹkan kan ni mo sì ń jáde. Kí ni kí n béèrè? (Manchester)

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ hun, kí ẹ sì béèrè bóyá òwú náà jẹ́ superwash. Èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó lè wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń yọ̀. Ẹ má gé e lórí króṣẹ́ẹ̀ lásán. Ẹ tọrọ ègé òwú kékeré. Ẹ já a sí méjì, ẹ tú ẹnu méjèèjì, ẹ gbé wọn léra, ẹ fi omi rin wọ́n, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbo wọn títí yóò fi gbóná. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ rà á.

Ẹ wo nọ́ńbà aró lára lébẹ̀lì gbogbo bọ́ọ̀lù tí àwọ̀ wọn jọra: ó gbọ́dọ̀ bára mu. Mítà ni kí ẹ sì kà, ẹ má ka bọ́ọ̀lù. Òwú 2ply Jumper Weight ti Jamieson & Smith ní Lerwick, ní Shetland, jẹ́ mítà 115 nínú gíráàmù 25; òwú Spindrift ti Jamieson's of Shetland jẹ́ 105. Bí bátànì bá ní bọ́ọ̀lù 10 ti àkọ́kọ́, 11 lẹ ó rà nínú èkejì. Àwọn méjèèjì ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè débẹ̀, ẹ lọ. Ẹ gbé àwọ̀ méjì síta nínú oòrùn kí ẹ tó sanwó, torí iná ilé ìtajà a máa tan ojú jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Acrylic, òwú àtọwọ́dá, ni mo ń rí rà lọ́jà níbí. Ṣé mo lè là á? (Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè là á, ṣùgbọ́n máṣìnnì ìránṣọ lẹ ó lò, torí acrylic ń yọ̀. Ẹ fi ojú 7 ṣe steek. Ẹ rán ìlà méjì sí òsì àárín, méjì sí ọ̀tún, kí ojú ìránṣọ kéré, bíi 2 mm, pẹ̀lú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kí eyín máṣìnnì má baà fa òwú. Ẹ má ṣe fa aṣọ náà bí ẹ ti ń rán an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ etí rẹ̀ yóò máa rú. Ẹ ya bébà kúrò, ẹ gé àárín, ẹ ká etí rẹ̀ sínú, ẹ fọwọ́ rán an mọ́lẹ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná kàn án, torí acrylic á yọ́, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ.